Ọ̀họ̀rí: Ìlú tí Ẹrẹ̀ Jẹ́ Odi Fún

Kétu, ìlú Yorùbá ní ilẹ̀ Benin òde òní, mọ odi, ó gbẹ́ yàrà yí i ká, ó sì fi ibodè Àkàbà Ìdènà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀ ogun Dàhọ̀mì fọ́ ọ ní 1886, wọ́n kó àwọn ará ìlú lẹ́rú. Ní gúúsù rẹ̀, láàárín òun àti Pobẹ̀, àwọn ará Ọ̀họ̀rí kò yọ ara wọn lẹ́nu àtimọ odi. Ilẹ̀ wọn ni odi wọn.

Ilẹ̀ amọ̀ dúdú ni. Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, á gbá ẹsẹ̀ mú. Ẹni tó bá fa ẹsẹ̀ kan yọ, tòun ti ẹrù amọ̀ ni yóò gbé e. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ilẹ̀ náà á là, ẹsẹ̀ ọmọdé lè kó sínú rẹ̀, omi mímu á sì dàwáti fún àlejò tí kò mọ ibi tí onílé tọ́jú omi òjò sí. Ta ló fẹ́ wọ́ ìbọn ńlá gba irú ibẹ̀ kọjá? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ogun lé nílé fi ṣe ibi ìsásí.

Faransé dé. Ní oṣù kẹjọ 1889, àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Páríìsì, wọ́n pín wa: Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété di ti Faransé, Ìmẹ̀kọ di ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò bi ẹnì kankan nínú wa. Sakété kò gbà bọ̀rọ̀, ó dìde ní 1905. Láti Àjàṣẹ́ létí ọ̀sà, tó ti di olú ìlú ìjọba Faransé níbí láti 1900, ojú irin gba Sakété, ó sì dé Pobẹ̀ ní 1913. Epo àti èkùrọ́ ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá kó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń kó epo lọ lè kó sọ́jà bọ̀.

Nígbà tó fi máa di 1914, owó orí, iṣẹ́ túláàsì àti kíkó ọmọkùnrin sógun ti sú Ọ̀họ̀rí. Òtútùbíòjò ló ṣáájú wọn. Wọ́n jà wọ 1915 kí agbára ìbọn tó ká wọn. Àwọn mìíràn sọdá sí Nàìjíríà. Ààlà tí òyìnbó fà ló wá gbà wọ́n lọ́wọ́ òyìnbó!

Lójú tèmi, ọ̀nà ló wó odi Ọ̀họ̀rí gan-an. Ọ̀dà ni wọ́n tẹ́ láti Pobẹ̀ dé Kétu báyìí, tírélà tó kó símẹ́ǹtì Onígbolò ń sáré kọjá lórí ilẹ̀ tó ń dá ọmọ ogun dúró tẹ́lẹ̀.

Béhanzin tó bá Faransé jà ní ère ní Abomey, Bio Guéra tóun náà bá wọn jà ní tirẹ̀ ní Kutọnu láti 2022. Ẹ̀yin olùkọ́ Pobẹ̀ àti Sakété, ẹ kọ orúkọ Òtútùbíòjò sójú pátákó fáwọn ọmọ, kí ẹ sì rán wọn lọ bi àwọn àgbà Ìṣàba nílẹ̀ Ọ̀họ̀rí ní ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn.