Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Ń Gba Èsì

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ ni ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà nípa àpótí kékeré tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ara ògiri ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1935 ni ó dé Èkó. Ní ọdún 1939 ni ó dé Ìbàdàn. Wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn wọ inú rẹ̀, púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ni ó sì ti London wá. Onílé kò lè yí i sí ibòmíràn. Kí ó tàn án tàbí kí ó pa á ni agbára rẹ̀ mọ. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, nítorí pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì, aláṣẹ ni.

Ǹjẹ́ a lè rí asọ̀rọ̀mágbèsì tí ń gba èsì? A lè rí i. Rédíò aráàlú ni, èyí tí àwọn ará àdúgbò dá sílẹ̀ fúnra wọn, tí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìgba owó oṣù. Ìtàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kún fún ẹ̀kọ́ fún àwa tí a ń tọ́ ọmọ láàárín elédè mìíràn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1949, Lewis Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ KPFA ní ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California. Hill ti kọ̀ láti gbé ìbọn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó pinnu pé ilé-iṣẹ́ náà kò ní gba ìpolówó ọjà, kí olówó má baà di olúwa ohùn. Àwọn olùgbọ́ ni yóò máa dá owó fún un. Ọ̀nà náà kò rọrùn. Ní ọdún 1950 owó tán, ilé-iṣẹ́ náà sì dákẹ́. Àwọn olùgbọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde láti wá owó, nígbà tí ó sì di ọdún 1951, ohùn rẹ̀ tún jáde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹgbẹ́ tí ó lè dá owó. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1987, ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí ojú rẹ̀ fọ́, Mbanna Kantako, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí kò rí já jẹ. Wọ́ọ̀tì 1 péré ni agbára ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ gílóòbù àtijọ́ kan ṣoṣo a máa jẹ wọ́ọ̀tì 60. Ó gba àwọn aládùúgbò rẹ̀ láyè láti sọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kò gba ìwé àṣẹ. Ní ọdún 1989 ìjọba àpapọ̀ ní kí ó pa á, wọ́n sì bu owó ìtanràn dọ́là 750 lé e. Kò pẹ́ tí ó tún fi bẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn káàkiri ilẹ̀ náà sì ń kọ́ ọ lára rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ dá ìwé àṣẹ tuntun sílẹ̀ fún rédíò kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju wọ́ọ̀tì 100 lọ, tí kì í sì í ṣe ti oníṣòwò.

Èyí ni ó mú wa dé Immokalee, ìlú tòmátì ní ìpínlẹ̀ Florida. Àwọn tí ń ká tòmátì níbẹ̀ ti Mexico, Guatemala àti Haiti wá. Ní ìgbà náà, nǹkan bí sẹ́ǹtì 45 ni wọ́n ń gbà lórí garawa kan tí ó tẹ̀wọ̀n ju kílò 14 lọ. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1993. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gba ìwé àṣẹ rédíò, wọ́n ké sí àwọn ènìyàn láti ìlú mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀wẹ̀ nílé, tí ẹnì kan á pe ará àti ọ̀rẹ́ kí wọ́n wá bá òun bo ilé, ọ̀wẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn péjọ, wọ́n so wáyà, wọ́n gbé òpó ró, Radio Conciencia sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni Rédíò Ẹ̀rí-Ọkàn.

Àwọn tí ń ká tòmátì fúnra wọn ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń lu orin ìlú wọn, wọ́n sì ń sọ ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe bí ọ̀gá bá dá owó rẹ̀ dúró. Wọ́n ń sọ èdè Sípáníìṣì àti Kirióòlù ti Haiti, wọ́n sì ń sọ èdè ìbílẹ̀ àwọn abúlé Mexico àti Guatemala, èyí tí rédíò ńlá kò kà sí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2005, ìjì líle tí wọ́n pè ní Wilma ń bọ̀ wá sí Florida. Rédíò kékeré yìí ni ó kéde ewu náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní èdè tiwọn, tí ó sì sọ ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Èdè tí ẹlòmíràn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú di èdè ìkìlọ̀ ní ọjọ́ ewu.

Bóyá irú rédíò bẹ́ẹ̀ wà ní àdúgbò yín. Ní Britain, òfin tí ó fàyè gbà á jáde ní ọdún 2004. Ní Nàìjíríà, ìjọba fọwọ́ sí ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní ọdún 2015. Bí ẹ bá rí i, ẹ béèrè wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún Yorùbá, kí ẹ sì mú ọmọ yín dání lọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ilé rédíò, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Yorùbá wo ni ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu wa? “Wá.” “Lọ.” “Jókòó.” “Dákẹ́.” Ọmọ á gbọ́, á ṣe é, bí ó bá sì fẹ́ fèsì, á fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì, tàbí kí ó dákẹ́. Ǹjẹ́ àwa náà kò ti di asọ̀rọ̀mágbèsì lára ògiri bí? Kì í ṣe gbígbọ́ nìkan ni ó sọ àwọn ará Immokalee di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu, ó sì dúró kí wọ́n sọ tiwọn. Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè tí ó ju “o ti jẹun?” lọ, kí ẹ sì ní sùúrù fún èsì rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹnu ara ẹni ni a fi ń kọ mè-é-jẹ. Ọmọ tí a kò bá fún láyè láti fèsì ní Yorùbá, ẹnu ta ni yóò fi kọ tirẹ̀?