Oríkèé Ẹṣin àti Agbára Ọ̀yọ́ Ilé

Bí a bá ń pìtàn ogun Ọ̀yọ́ Ilé, ẹni tí ó gun ẹṣin ni a sábà máa ń yìn. A kì í wo ẹsẹ̀ tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjọba náà fi gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ó fi wó, ẹsẹ̀ ẹṣin ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Xenophon ará Gíríìkì, tí ó kọ ìwé lórí ẹṣin ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Olúwa wa, ẹsẹ̀ ni òun náà ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà kì í rí ẹsẹ̀ wíwú kí ó dákẹ́ síbẹ̀. Yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹsẹ̀ kan ni ó wú tàbí púpọ̀. Yóò fi ọwọ́ kàn án, yóò sì fi ẹsẹ̀ kejì wé e. Bí oríkèé kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ẹṣin sì ń tiro, ìfarapa tàbí egbò tí ó wọ inú oríkèé ni a óò kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ púpọ̀ bá wú pọ̀, tí wíwú náà tutù, tí ojú ìka sì ń jinnú níbi tí a tẹ̀, omi ni ó sọ̀ sábẹ́ awọ. Bí kì í bá ṣe pé ẹṣin náà ti dúró pẹ́ lójú kan, a jẹ́ pé àìsàn náà kò sí ní oríkèé rárá. Inú ara ni ó wà.

Ọ̀kan nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni èyí tí eṣinṣin amùjẹ̀ tí a ń pè ní tsetse ń gbé kiri. Ní 1895, ní ilẹ̀ Sulu ní gúúsù Áfíríkà, David Bruce rí kòkòrò tín-ín-tín tí ó ń fà á nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ibà a máa mú ẹṣin tí ó bá ní in, a sì tún fi í sílẹ̀. Ẹṣin náà a máa rù, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ a wú, ikú ni ó sì sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Irú eṣinṣin yìí pọ̀ nínú igbó àti ní bèbè odò.

Inú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́ Ilé wà, kò jìnnà púpọ̀ sí Odò Ọya. Ẹṣin kéékèèké wà nílé tí ó lè fara da ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òkè ọya ni wọ́n ti ń ra àwọn ẹṣin ńlá, ríra náà kò sì lópin. Robin Law, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjọba Ọ̀yọ́ tí ó jáde ní 1977, ṣàlàyé bí òwò ẹrú ní etí òkun ṣe so mọ́ òwò ẹṣin yìí.

Láàárín 1726 sí 1730, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ja ilẹ̀ Dàhómì léraléra, títí Agaja ọba wọn fi bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà. Síbẹ̀ wọn kò lè jókòó síbẹ̀. Àwọn ará Dàhómì a sá wọ igbó. Bí òjò bá sún mọ́ tòsí, tí oúnjẹ ènìyàn àti ti ẹṣin sì ń tán lọ, ogun Ọ̀yọ́ a padà sílé. Ẹṣin ni ó ń mú wọn ṣẹ́gun, ẹṣin náà ni ó sì wà lára ohun tí ń dá wọn padà.

Ní nǹkan bí 1817, Àfọ̀njá dìtẹ̀ sí Aláàfin ní Ìlọrin. Àwọn ẹrú tí ó ti òkè ọya wá, tí wọ́n ń da ẹran, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn fún àwọn olówó wọn, sá lọ bá a. Ìlọrin bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ní àárín ọdún 1830 sí 1840, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ìlọrin tí ó jogún agbára ẹlẹ́ṣin jogún ààlà rẹ̀ pẹ̀lú: ní nǹkan bí 1840, ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní Òṣogbo, ní etí igbó.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé, ọ̀tẹ̀ ọkùnrin kan ni ó fọ́ Ọ̀yọ́. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ a máa sọ ẹ̀yà kan di ọ̀dàlẹ̀ lójú èkejì títí di òní. Èmi kò sọ pé Àfọ̀njá kò jẹ̀bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé Ìlọrin ni oríkèé tí ó wú. Ibẹ̀ ni ojú ti rí i. Ìjọba tí ó ń ra ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn, tí òwò ẹrú sì wà lára ohun tí ó fi ń rà á, tí ó tún kó àwọn tí a fi agbára mú sin jọ sáàárín ilé rẹ̀, àìsàn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí olùkọ́ ìtàn tó dárúkọ ẹlẹ́bi fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó kọ́ ọ ní bí a ti í tẹ ibi tí ó wú wò.