Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ìwọ̀n rẹ̀: Ìtàn èròjà Ds

Lóṣù Kọkànlá ọdún 1974, ibùdó ìwádìí méjì ní Amẹ́ríkà kéde èròjà tuntun kan tó fi hàn pé quark kẹrin, charm, wà lóòótọ́.

Quark ni èròjà bíńtín tó para pọ̀ di proton àti neutron inú átọ́ọ̀mù.

Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé charm lè so pọ̀ mọ́ ìdàkejì quark strange?

Lọ́dún 1977, ikọ̀ DASP nílùú Hamburg, Jámánì, ní àwọn ti rí irú rẹ̀. Wọ́n pè é ní F, wọ́n sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sí 2030 MeV. Àmọ́ ẹ̀rí wọn kò pọ̀, ìwọ̀n náà sì lè fi 60 lé tàbí kó fi dín.

Èròjà náà kì í pẹ́ fọ́, ohun tó bá fọ́ sí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀.

Lọ́dún 1983, ikọ̀ CLEO ní Fásitì Cornell, Amẹ́ríkà, tọpa rẹ̀ láti ara èròjà phi àti pion. 1970 ni wọ́n bá.

Lọ́dún 1984, ikọ̀ TASSO, ní Hamburg kan náà, tún un wò. Iye tí wọ́n rí bá ti Cornell mu.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ F yí padà di Ds. Lónìí, nǹkan bíi 1968 MeV ni ìwọ̀n rẹ̀.