Èéyi àti Ara Tí Ó Bá

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ẹdẹ, níbi tí a ti ń kọ́ni rí, èéyi mú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa àti àbúrò rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì. Ẹ̀gbọ́n padà sí ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì; àbúrò, tí ó ti rù tẹ́lẹ̀ tí irun rẹ̀ sì ti ń pọ́n, ni a sin. Àwọn aládùúgbò ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ̀ ọ́. Kí ni ó la ògiri ara ọmọ yìí?

Ẹni tí ó bá ti Ẹdẹ gba Òṣogbo lọ sí Iléṣà, tí ó sì yà sí ìhà àríwá, yóò dé Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí a gbé ti wádìí ọ̀ràn yìí rí. Ní ọdún 1956 ni David Morley, oníṣègùn àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣètọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọ́n sì ń kọ ọ́ sórí káàdì tí ìyá fúnra rẹ̀ ń mú lọ sílé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ni ó ń ṣe èéyi, ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ń kú. Ní agbègbè Iléṣà, èéyi wà lára àwọn àrùn tí ń pa ọmọ jù lọ. Àrùn kan náà ni. Ara tí ó bá ni ó yàtọ̀. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú bọ́ sórí ẹ̀kọ nìkan, tí a kò fún ní ẹran tàbí ẹyin (kí ó má baà di olè, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń wí!), kò ní ohun tí ara fi ń bá àrùn jà. Nígbà tí èéyi bá sì dé, ẹnu a dá egbò, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀lé e, ọmọ kò sì ní lè jẹun. Káàdì wọ̀nyẹn fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó ń kọjá kí ọmọ tó padà sí bí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀. Láàárín àkókò náà, àrùn mìíràn tí ó bá kọjá lọ́nà a yà sílé.

Ọjọ́ orí náà kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ nínú oyún a máa tán ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, àwọn ọmọ wa tí a ń pọ̀n lọ sọ́jà sì ń tètè pàdé àrùn lẹ́yìn èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yó pàápàá kò bọ́, bí ara rẹ̀ kò bá mọ àrùn náà rí. Ní àwọn erékùṣù Faroe, lókè òkun níhà àríwá, ó mú bí 6,000 nínú àwọn ènìyàn tí kò tó 8,000 ní ọdún 1846. Oníṣègùn Panum kíyèsi i pé àwọn arúgbó tí wọ́n ti ṣe é ní 1781 kò tún un ṣe.

Láti mú kí ara mọ àrùn láìṣe é ni abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún. Ní 1960 Samuel Katz mú èyí tí òun àti John Enders ṣe ní Amẹ́ríkà wá sọ́dọ̀ Morley, a sì fi dán àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé wò. Lónìí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni a ń fún, a sì ń tún un fún un ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nígbà tí a bi ìyá àwọn ọmọ wa léèrè, ó ní ẹ̀gbọ́n gba abẹ́rẹ́ kan. Nígbà tí ó kan àbúrò, ọjà kò jẹ́ kí òun ráyè.