Ìwé Tí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá Kà

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí iṣẹ́ ajé gbé wá sí òkè Ọya, nígbàkúùgbà tí a bá pé jọ báyìí, ìtàn àwọn ọba àti akọni ọkùnrin ilẹ̀ wa la máa ń sọ. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí àwọn obìnrin tí ìwé kíkà gbé dìde ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ìtàn wọn kan àwa tí a wà níbí.

Ọdún 1900 ni wọ́n bí Olúfúnmiláyọ̀ Thomas, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ní 1914, ó wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abeokuta Grammar School. Ní 1919, ó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó. Ó padà dé ní 1922, ó sì di olùkọ́.

Ní 1932, òun àti àwọn obìnrin mìíràn tí ó mọ̀wé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀làjú ni. Àwọn ìyá ọjà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ogun Hítílà, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ìyá ọjà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti kíkọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí àwọn ìyá ọjà ti ń kàwé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí: bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn ní tipátipá, àti bí ọmọbìnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí san owó orí ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní 16. Àwọn agbowó-orí a tilẹ̀ máa bọ́ aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó.

Ẹ ò rí i pé tọ̀túntòsì ló kọ́gbọ́n: ìyá ọjà kọ́ ìwé, obìnrin tí ó mọ̀wé sì kọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ní 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn títí. Nígbà tí wọn kò rí èsì gidi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn lọ jókòó sí ààfin Aké, wọ́n ń kọrin. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, nígbà tí ó sì di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀. Ọdún 1950 ni Kábíyèsí tó padà.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Hajia Gambo Sawaba, tí wọ́n bí ní Zaria ní 1933, kò rí ìwé kà kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n fi í fọ́kọ. Síbẹ̀, ó rìnrìn àjò lọ bá Ìyá Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta láti kọ́gbọ́n. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n léraléra nítorí ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin. Àwọn obìnrin gúúsù ti ń dìbò kí a tó gba òmìnira; ti òkè Ọya di 1976 kí wọ́n tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Bí ọjà kò bá tà, ọmọbìnrin ni a máa ń kọ́kọ́ yọ nílé ìwé kí ó lè dúró ti ìsọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lè máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Àwọn ìyá wa mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń ka àlẹ́ẹ̀tì báńkì fún wọn, tí yóò gbé ọjà lọ láìsanwó. Ìyá tí kò lè kà á, kí ni yóò fi já a nírọ́?

Gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ń ṣófo lálaalẹ́. Àwọn ọmọbìnrin wa tí ó ti jáde ní yunifásítì wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ àwọn ìyá wọn níbẹ̀, kí a sì pinnu pé kò ní sí ọmọbìnrin kankan nínú ẹgbẹ́ yìí tí yóò fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ìsọ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn àgbà kò sọ pé ọmọkùnrin nìkan ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún la ó ṣe láyé. Àṣẹ.