Ọdún Méjì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Àtọ̀gbẹ

Orúkọ méjì la ní fún àìsàn yìí, àtọ̀gbẹ àti ìtọ̀ ṣúgà, inú ìtọ̀ sì ni orúkọ méjèèjì ti wá. Ibẹ̀ lojú ti kọ́kọ́ rí i. Èèrà á ṣù bo ibi tí aláìsàn tọ̀ sí. Àwọn oníṣègùn Íńdíà ayé àtijọ́ náà kíyè sí èèrà yìí, wọ́n ní ìtọ̀ oyin ni. Ohun tí èèrà ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa ni oríṣi kejì, tó sábà máa ń bá àgbàlagbà jà. Oríṣi kìíní la fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ níbí, èyí tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọmọdé àti ọ̀dọ́. Kì í ṣe ohun dídùn tọ́mọ jẹ ló fà á o. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara ọmọ náà fúnra wọn, tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà, ló dojú ìjà kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin, tí wọ́n ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Insulin ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Tí kò bá sí mọ́, ọmọ á máa jẹun, á sì máa rù.

Ṣé èèyàn ò wá lè dá ìjà yìí dúró kó tó parí ni? Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà kan.

Ní 1889, ní Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, Oskar Minkowski àti Joseph von Mering yọ pancreas ajá kan, ìyẹn ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ṣáá, ṣúgà sì kún inú ìtọ̀ ọ̀hún. Bí wọ́n ṣe mọ ibi tọ́rọ̀ ti ṣẹ̀ wá nìyẹn. Àmọ́ ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí wọ́n tó rí oògùn mú jáde níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì wá ń pè ní ìtọ́jú láàárín ìgbà yẹn, ebi ni. Dókítà Frederick Allen ní Amẹ́ríkà ló gbajúmọ̀ jù nídìí ẹ̀: á dín oúnjẹ ọmọ kù títí ṣúgà á fi kúrò nínú ìtọ̀ ẹ̀. Ọmọ á gbẹ bí igi. Ó lè fi oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan kún ayé ẹ̀, lẹ́yìn náà ikú ṣì ń bọ̀. Ẹ ro ti ìyá tó ní láti máa ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ ọmọ ẹ̀.

Oṣù kìíní 1922 ni nǹkan yí padà, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà. Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ti rù kan eegun ní ọsibítù Toronto General. Frederick Banting àti Charles Best, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n J.J.R. Macleod, ti mú omi oògùn kan jáde látinú pancreas ẹran. Wọ́n gún Leonard lọ́jọ́ kọkànlá. Kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ojú abẹ́rẹ́ tún wú. James Collip lọ sẹ́ oògùn náà kó mọ́ sí i, wọ́n tún un gún lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ sì wálẹ̀. Leonard lo ọdún 13 sí i láyé. Ẹ̀tọ́ tó wà lórí oògùn náà, dọ́là kan kan péré ni wọ́n gbà tí wọ́n fi gbé e fún Yunifásítì Toronto. Ẹ fi dọ́là kan yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Insulin ò wo àìsàn náà sàn. Ó kàn ń dípò ohun tó ti lọ ni, ìjà inú ara ṣì ń lọ ní tiẹ̀. Kódà, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ dájú nígbà náà pé ìjà kankan wà. Ó di 1965 kí Willy Gepts tó yẹ pancreas àwọn tó kú láìpẹ́ sígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ wò ní Brussels, tó sì rí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó rọ̀gbà yí erékùṣù kéékèèké tó ń ṣe insulin ká. Ní 1974, Franco Bottazzo àti Deborah Doniach ní Lọ́ńdọ̀nù rí àmì ìjà náà nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn antibody. Àwárí yìí ló tún ìbéèrè náà gbé dìde, torí àmì náà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún kí òùngbẹ àti ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè rí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tára ẹ̀ dá ṣáṣá, kó sì mọ̀ pé àìsàn ń bọ̀. Tó o bá wá mọ̀, kí lo máa ṣe fún un?

Wọ́n gbìyànjú, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò sì bọ́ sí i. Láwọn ọdún 1980, ní Faransé àti Kánádà, wọ́n fún àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní cyclosporine, oògùn tó ń ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ara sẹ́yìn. Àwọn kan bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ insulin fún ìgbà díẹ̀! Ṣùgbọ́n ó ń ba kíndìnrín jẹ́, bí wọ́n bá sì ti dá a dúró, àìsàn á padà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mọ̀lẹ́bí aláìsàn 84,228 wò, wọ́n mú 339 tí ewu pọ̀ jù lórí wọn, wọ́n sì ń gún ìdajì wọn ní insulin díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọdún mélòó kan. Èsì jáde ní 2002. Kò dènà ohunkóhun. Ní Yúróòpù, fítámì kan tó ń jẹ́ nicotinamide ni wọ́n lò fáwọn èèyàn 552. Èsì 2004 náà rèé: kò ṣiṣẹ́.

Ẹnu lásán ni a fi ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ọmọ tí kò ní àìsàn kankan ló gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lọ́dọọdún, nítorí ìrètí. A ò rí orúkọ wọn níbìkankan, ṣùgbọ́n lójú tiwa, àwọn gan-an ni olórí ìtàn yìí, ju àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ. Àwọn ló fi han ayé bí wọ́n ṣe lè rí ọmọ tí àìsàn ń bọ̀ wá bá.

Oògùn tó padà ṣiṣẹ́ ò bẹ̀rẹ̀ nídìí àtọ̀gbẹ rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ló ti wá, kí ara wọn má bàa kọ kíndìnrín àlejò. Jeffrey Bluestone àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tún irú ẹ̀ ṣe kó lè rọ ara lọ́rùn. Ní Paris, ní 1994, Lucienne Chatenoud àti Jean-François Bach fi oògùn irú ẹ̀ wo eku tó ní àtọ̀gbẹ. Ní 2002, Kevan Herold lò ó fún èèyàn 12 tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, insulin tara wọn sì pẹ́ kó tó tán. Ìdánwò ńlá tó tẹ̀ lé e ò dé ibi tí wọ́n fojú sùn, oògùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Teplizumab lorúkọ ẹ̀.

Herold àti ikọ̀ ẹ̀ ò jáwọ́. Wọ́n wá mọ̀lẹ́bí aláìsàn 76 tí àmì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ṣúgà wọn sì ti ń ṣe ségesège. Ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fa oògùn náà sára 44 fún ọjọ́ 14 péré. Wọ́n fa omi tí kò ní oògùn nínú sára 32. Nígbà tí èsì jáde ní 2019, láàárín nǹkan bí oṣù 24 ni ìdajì àwọn tó gba omi ti ní àtọ̀gbẹ. Ó tó nǹkan bí oṣù 48 kó tó rí bẹ́ẹ̀ fáwọn tó gba oògùn.

Ọdún méjì. Àwọn kan máa ní, ṣé gbogbo wàhálà yìí ò ju ọdún méjì lọ? Ẹ bi òbí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń jí láago méjì òru láti gún ọmọ níka, kó má bàa sùn lọ láìjí. Lójú tiwa, ọdún méjì láìsí ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré, ọmọ náà á sì ti gbọ́n sí i kí abẹ́rẹ́ tó dé.

Oṣù kọkànlá 2022 ni àjọ FDA ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Iye tí ilé iṣẹ́ tó ni ín nígbà náà dá lé ìgò kan ni 13,850 dọ́là, ìgò 14 sì ni ọmọ nílò: 193,900 dọ́là. A ti ní kẹ́ ẹ fi dọ́là kan ọjọ́sí sọ́kàn. A mọ̀ pé ìwádìí ń náni lówó, ṣùgbọ́n a ò gbà pé ibi tó yẹ kí àwọn ìdílé tó yọ̀ǹda ọmọ wọn bá ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Oògùn yìí ò wúlò fún ọmọ tí wọn ò yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ṣáájú. Italy ṣòfin ní 2023 pé kí wọ́n máa wá àmì náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé ìlú wọn. Lọ́dọ̀ wa, insulin 1922 gan-an ṣì wọ́n ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, ọmọ tó sì ń rù tó ń rẹ̀ lè gba oògùn ibà fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ṣúgà. Nígbà tó bá ń mí gúlegúle, tí èémí ẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà, ó ti ń pẹ́. Tọ́mọ bá ń mu omi ṣáá, tó ń tọ̀ ṣáá, tó tún padà ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, tó sì ń rù, ẹ ní kí wọ́n gún un níka, kí wọ́n yẹ ṣúgà ẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.