Jíjìn Ọ̀nà láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn

Láyé ìgbà tí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, iye ọjọ́ ni àwọn ará àtijọ́ fi ń sọ bí ọ̀nà ti jìn tó. Ọ̀nà kan náà a sì máa jìn fún aláàárù ju bí ó ti jìn fún ìránṣẹ́ ọba lọ. Nígbà tí ọ̀nà reluwé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1896 wọ Ìbàdàn ní 1901, wákàtí gba ipò ọjọ́.

Pápá ọkọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sí ti Ìbàdàn, bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 113 lọ. Bàlúù tí ń sá kìlómítà 450 ní wákàtí kan ì bá fi ìṣẹ́jú 15 parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gòkè, kí ó sì tún sọ̀kalẹ̀, àkókò rẹ̀ a sì máa sún mọ́ ìdajì wákàtí.

Kí ni ìdajì wákàtí yìí já mọ́ fún ará Abúlé Ẹ̀gbá? Ìkẹjà kò jìnnà sí i rárá. Síbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì Abẹ́òkúta ni yóò kọ́kọ́ là kọjá. Afárá tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 2017 dín ìnira náà kù, kò mú un kúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò tò, tí wọn yóò yẹ ẹrù rẹ̀ wò, tí yóò tún jókòó dúró. Aládùúgbò rẹ̀ tí ó wọ mọ́tò láàárọ̀ lè ti kọjá Ṣágámù kí bàlúù tó gbéra. (Ti owó ìwọkọ̀ kò tíì sí níbẹ̀ o!) Reluwé tuntun tí ìjọba ṣí ní 2021 kò yára tó bàlúù, ṣùgbọ́n ó ń dúró gbé èrò ní Agége, nítòsí Abúlé Ẹ̀gbá.